Ewé Tó Tàn Pupa Nínú Òkùnkùn

Ewé tẹ̀tẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ òní.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, òjò ṣú. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà wà nínú láàbù bàọ́lọ́jì wa. A ti fi ìró àdìrẹ méjì bo fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn, a sì fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọjú. A tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, a gbé ewé tẹ̀tẹ̀ tútù kan lé e. Ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ aró sí i láti ẹ̀gbẹ́. Fóònù wà lókè ewé náà, awò kékeré kan wà lẹ́nu kámẹ́rà rẹ̀, ike pupa pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín awò àti ewé. Gbogbo wa tẹjú mọ́ fóònù. Ewé tí a ti mọ̀ sí tútù láti ìgbà èwe wa wá pọ́n bí ẹyín iná. Iṣan rẹ̀ ṣókùnkùn, ara rẹ̀ tó kù ń tàn yòò. Ọmọkùnrin kan ní, "Mà, ta ló daná sínú rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó daná sínú rẹ̀. Ohun tí a rí ni Òyìnbó ń pè ní fluorescence. Àwọn nǹkan kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn, wọn á gbé e mì, wọn á sì tu ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde, àwọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí ti èyí tí ẹ tàn. Dígí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: pupa tí ẹ bá tàn sí dígí, pupa náà ni yóò dá padà. Tànnátànná náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí inú ara rẹ̀ ló ti ń dá iná tirẹ̀, kò retí kí ẹnikẹ́ni tan nǹkan sí i. Ewé tẹ̀tẹ̀ wa ní láti kọ́kọ́ gbà kó tó lè fúnni.

Kí ló dé tí àwọ̀ fi ń yí padà? Ẹ rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́. Ẹni tó bá gbé ẹrù gba ẹnubodè kọjá á sanwó fún oníbodè, ohun tó máa gbé jáde lódìkejì ìlú kò sì ní í tó ohun tó gbé wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró lágbára ju aláwọ̀ ewé lọ, aláwọ̀ ewé sì lágbára ju pupa lọ. Ohun tó ń mú ewé tutù, tí à ń pè ní chlorophyll, gba aró wọlé, apá kan nínú agbára rẹ̀ di ooru, èyí tó sì jáde ti rẹlẹ̀ di pupa. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí láìmọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi ọṣẹ ìgbàlódé fọ̀ máa ń tàn bí ẹni bá wọ̀ ọ́ lọ sí òde àríyá tí wọ́n ti ń lo iná aláwọ̀ àlùkò. Àkeekèé pàápàá, bí ẹ bá tan irú iná bẹ́ẹ̀ sí i lóru, á tàn bí ẹni tó wẹ̀ nínú aró.

Ohun tó la ojú àwọn onímọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Kuníìnì ni, kuníìnì tó korò, tí àwọn bàbá wa gbé mì nítorí ibà. Lọ́dún 1845, John Herschel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kíyè sí i pé omi tí a po kuníìnì sí, tó mọ́ gaara bí omi òjò, máa ń yọ àwọ̀ aró bí oòrùn bá kàn án. Lọ́dún 1852, George Gabriel Stokes, ọmọ Ireland tó ń kọ́ni ní Cambridge, tú àdììtú náà, ó sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ dòní. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ ohun èlò tó lò. Gíláàsì aláwọ̀ aró, irú ti fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ló fi sẹ́ ìtànṣán oòrùn kó tó kan kuníìnì. Ife wáìnì aláwọ̀ ìyeyè ló sì gbé síwájú ojú ara rẹ̀, kó lè dí èyí tó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá, kí ti kuníìnì nìkan lè kọjá. Fèrèsé àti ife. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ máíkírósíkóòpù fluorescence, bó ti wù kí wọ́n wọ́n tó, ló ní irú asẹ́ méjì yẹn nínú.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan tu jáde kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a tàn sí i. Òṣùpá máa ń yọ lọ́sàn-án nígbà mìíràn. Ó wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń rí i? Oòrùn kò jẹ́. Bí ẹ bá kàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ewé lásán, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì á bo ti ewé mọ́lẹ̀. Nítorí náà, asẹ́ kìíní á dúró lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, kó máa jẹ́ kí aró nìkan jáde. Asẹ́ kejì á dúró lẹ́nu awò, kó dá gbogbo aró padà, kó sì jẹ́ kí pupa kọjá. Ẹni tó bá ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí, dídí ìmọ́lẹ̀ ni yóò gba àkókò rẹ̀ ju títàn án lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ èyí tí a kọ́. Ní Winona, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Jacob Hines ní Winona State University, pẹ̀lú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2023 nípa ohun tí wọ́n pè ní glowscope. Pákó, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì, awò tí à ń há mọ́ ẹnu kámẹ́rà fóònù, tọ́ọ̀ṣì LED, àti ike aláwọ̀ tí àwọn onítíátà fi ń bo iná orí ìtàgé: ohun tó para pọ̀ di glowscope nìyẹn. Bí a bá yọ fóònù kúrò, owó rẹ̀ nígbà náà wà láàárín dọ́là 30 sí 50. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Glowscope náà lè ya ohun méjì tí àlàfo wọn kéré tó máíkírómítà 10 sọ́tọ̀, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Wọ́n fi wo ọmọ ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ zebrafish, wọ́n rí ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù, wọ́n sì kà á. Ṣáájú wọn, lọ́dún 2017, Andre Maia Chagas, Tom Baden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé FlyPi jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tẹ egungun rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀ kò tó yúrò 100 nígbà náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tiwa, káfíńtà tó ń ṣe àga ilé ẹ̀kọ́ wa ló bá wa gé pákó rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ kan la máa fi parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà, inú àṣìṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sì ni ẹ̀kọ́ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

A kò kọ́kọ́ rí ike onítíátà, a bá lo ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn ọdún. Gbogbo nǹkan tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ ló ń tàn: ewé ń tàn, òkúta ń tàn, owó irin ń tàn. Inú àwọn ọmọ dùn. Èmi ni mo bi wọ́n pé, owó irin náà ńkọ́, ṣé òun náà ní chlorophyll? Ọ̀rá náà ń jẹ́ kí aró jò kọjá ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tan iná níbi òde àríyá ló fún wa ní èérún ike tòótọ́, pupa kan, ọsàn kan, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Owó irin dákẹ́, ṣùgbọ́n bébà funfun tí a tẹ́ sábẹ́ kò dákẹ́. A wádìí rẹ̀ títí. Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ bébà kó lè funfun báláú, ẹbí ohun tó wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ nì ni, òun náà sì ń tu ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde. Ìgbà yẹn la dé orí aṣọ dúdú. Aṣọ dúdú kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn: òwú tíntìntín tó bọ́ lára aṣọ wa, tí ojú lásán kò rí, ń tàn lórí rẹ̀ bí ìràwọ̀.

Tọ́ọ̀ṣì ló wá kàn. Ẹni tó tà á ní aró ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àwo CD àtijọ́ wá láti ilé, ó tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán, a sì rí òṣùmàrè níbẹ̀. Aró pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà àwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kedere. Ojú wa rí olè. Ike aró tí a wá bo tọ́ọ̀ṣì náà lẹ́nu ló lé àwọ̀ ewé yẹn lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ yẹn nípa ìmọ́lẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, n kò rò pé ìkankan wọ̀ wọ́n lára tó òṣùmàrè ẹ̀yìn CD yẹn.

Nígbà tí èmi fúnra mi wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀ka wa ní máíkírósíkóòpù fluorescence kan. Abẹ́ ọ̀rá ló máa ń wà, nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Gílóòbù mercury rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní wọ́n ti kọ̀wé béèrè òmíràn. Títí mo fi gboyè jáde, n kò rí i kó tàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí. Gílóòbù mercury kì í lò ju nǹkan bí igba sí ọ̀ọ́dúnrún wákàtí lọ, ó gbóná, ó lè bẹ́, mercury inú rẹ̀ sì léwu. LED máa ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. LED aláwọ̀ aró tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ṣe, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì lọ́dún 2014, òun ló sọ ohun tó ń gbé nínú yàrá àtìpa di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè dì mọ́wọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́ pé mo ní kí a ju ẹ̀rọ ńlá nù. Oskar Heimstädt ti kọ́ ọ̀kan lọ́dún 1911. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Johan Ploem, ní ilẹ̀ Netherlands, mú kí dígí kan tó ní ìwà méjì wúlò nínú rẹ̀: dígí náà á dá aró padà sí orí ohun tí à ń wò, á sì jẹ́ kí àwọ̀ ewé tàbí pupa là á kọjá wá bá ojú. Ìdí nìyẹn tí iná àti ojú fi lè gba ẹnu awò kan náà. Èyí tiwa kò ní dígí yẹn; ẹ̀gbẹ́ la ti ń tan iná. Bí ẹ bá fẹ́ wo kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ̀rọ ńlá lẹ máa lò. Kòkòrò tí Robert Koch kéde rẹ̀ ní Berlin lọ́jọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1882 yẹn, gígùn rẹ̀ wà láàárín máíkírómítà 2 sí 4. Tiwa kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń wá a. Wọ́n á fi àwọ̀ kan tó ń jẹ́ auramine rẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn, bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ. Àwọ̀ náà á lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà, wọn á fi nǹkan fọ ibi tó kù, kòkòrò á sì máa tàn bí ìyeyè nínú òkùnkùn. Nítorí pé ó ń tàn, kò dìgbà tí a bá sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kí a tó rí i. Ìlọ́po igba sí irínwó ti tó, èyí sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò rí ibi tó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tètè parí. Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti máa lo LED fún iṣẹ́ yìí dípò ọ̀nà àtijọ́. Ní Nàìjíríà wa yìí, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń pa ènìyàn, ẹni tó máa jókòó sídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú wà nílé ẹ̀kọ́ girama lónìí. Mo fẹ́ kó ti mọ ohun tí asẹ́ ń ṣe kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa jellyfish tó fún àwọn onímọ̀ ní àwọ̀ ewé. Osamu Shimomura, ọmọ Japan, ló kó wọn nínú òkun ní Friday Harbor, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1961, tó sì rí èròjà aláwọ̀ ewé kan nínú wọn. Martin Chalfie fi hàn lọ́dún 1994 pé a lè fi àṣẹ tó ń mú kí ara ṣe èròjà náà sínú aràn, kí sẹ́ẹ̀lì tí a bá yàn sì máa tàn láàyè. Roger Tsien mú kí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín Nobel ti kẹ́místírì lọ́dún 2008. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ló ń tàn nínú àwọn ẹja Winona. Àwa kò ní irú ẹja bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mú èyí tó wà nítòsí. Atalẹ̀ pupa tí a rẹ sínú spírítì máa ń tàn bí ìyeyè tó fẹ́ di ewé. Omi ewédò, ìyẹn èéhọ̀n tó máa ń hù nínú táǹkì, máa ń pọ́n. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó hibiscus tí wọ́n ń gbìn yí ọgbà ká tóbi tó kí fóònù rí i, ẹ̀gún ara rẹ̀ sì rẹwà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan tan iná aró tàbí àlùkò sí ojú ara wọn, ẹ má sì gbé spírítì sún mọ́ iná. Ẹ rí i pé ẹ ti kámẹ́rà fóònù sí ojú kan, kó má máa fúnra rẹ̀ mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni yóò máa pa fún yín.

Nítorí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni ohun tí mo fẹ́ ròyìn ṣe ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ewé pọ́n, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tọ̀ mí wá. Ó ní, "Mà, ó ń rẹ ewé náà." Ó ní bí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, pupa rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti ń wálẹ̀. Mo ní bátìrì ni. Ó ní òun ti pààrọ̀ bátìrì. Mo ní kámẹ́rà ni. Ó ní òun ti tì í sójú kan. Mo wá sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ líle máa ń ṣá àwọ̀, bí oòrùn ṣe ń ṣá aṣọ lórí okùn, pé ó ṣeé ṣe kí chlorophyll ti ṣá. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àwọ̀ tí à ń lò fún iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó mú ewé kan náà, ó fi sínú agolo mílíìkì, ó dé e. Ní ogún ìṣẹ́jú, ó gbé e jáde, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Pupa yòò, bí ti àkọ́kọ́. Aṣọ tó ti ṣá kì í padà sí àwọ̀ rẹ̀ nínú agolo.

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo lọ wá ìwé kà lálẹ́ ọjọ́ náà. Hans Kautsky, onímọ̀ kẹ́místírì ní Jámánì, ti rí ohun kan náà lọ́dún 1931. Bí ewé bá ti pẹ́ nínú òkùnkùn, ilé ìdáná rẹ̀ á ti tutù. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣàdédé dé, kò tíì sí ọwọ́ tó máa gba gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ á tú jáde ní pupa. Díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ewé á máa fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, á máa sọ apá kan di ooru, pupa á sì lọ sílẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin náà rí tó ń wálẹ̀ ni ewé tó ń wọ ẹnu iṣẹ́. Ó lè dá a mọ̀ nítorí pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà pọ̀; ó mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń ṣe bó bá ń kú, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe báyìí.

Oògùn apakoríko kan wà tó ń jẹ́ diuron, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí ọ̀nà tí agbára ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú ewé. Bí Kautsky àti àwọn tó tẹ̀ lé e bá tọ̀nà, ewé tí a bá fi kàn kò ní í wálẹ̀. Pupa rẹ̀ á dúró lókè ni. Ewé tẹ̀tẹ̀ méjì ti wà nínú agolo méjì báyìí, a ti fi diuron kan ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin náà ti fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí òkè ojú ìwé náà kó tó wò ó. Ọjọ́rú la máa ṣí agolo. Ní irú àkókò yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ ohun tí a rí fún yín.